Oòrùn Pe Agbẹ́kọ̀ Lẹ́jọ́

Ní Òkè-Iyanrìn, ìlú kékeré tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, wọ́n máa ń pa òwe kan tó ń rú àlejò lójú: "Ẹni tó sé omi mọ́nú pátákó, oòrùn ni yóò pè é lẹ́jọ́." Àlejò á gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín. Kí ni omi ń wá nínú pátákó? Ìgbà wo sì ni oòrùn di ẹni tó ń pe èèyàn lẹ́jọ́? Àwọn ọmọ ìlú kan pàápàá ń pa á níbi tí kò yẹ. Wọ́n á fi bá ọmọ tó gbàgbé aṣọ síta wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ aṣọ sísá ló wà ńbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ìbínú ni wọ́n ti bí òwe yìí, kò sì tíì pẹ́ rárá. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì ń jẹja, àwọn kan nínú wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rán wọn létí.

Obìnrin kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Fẹ́hìntọlá. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Ṣànúsí agbẹ́kọ̀, ló sì dúró bíi bàbá fún un. Fẹ́hìntọlá kò fẹ́ràn ẹja yíyan, kò fẹ́ràn kárà-kátà. Omi ló fẹ́ràn. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ọgbà ìgbafẹ́ kan wà, níbi tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti ń gun pátákó onígbòkun, Fẹ́hìntọlá ló sì ń bá wọn fọ àwọn pátákó náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da ògbólógbòó kan nù, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì wọ́ ọ wálé.

Ẹni tí kò bá tíì rí irú pátákó yìí rí, ohun tó jẹ́ nìyí. Ó gùn, ó fẹ̀, ó sì fúyẹ́. Èèyàn á dúró lé e lórí, á di òpó ìgbòkun mú, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e sáré lórí omi. Lábẹ́ ìdí rẹ̀ ni lẹbẹ kan wà, bíi ti ẹja. Lẹbẹ yìí ló ń mú un tọ́. Bí kò bá sí, pátákó á kàn máa yí kiri ni. Àpótí tóóró kan ni wọ́n rì mọ́ ìdí pátákó, inú rẹ̀ ni wọ́n ń ki lẹbẹ bọ̀. Igi kọ́ ló sì wà nínú pátákó náà. Fóòmù ni, tí wọ́n fi awọ líle bò yíká.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ máa wọlé, ọgbà yẹn máa ń ṣe ìdíje. Lọ́dún tí à ń wí yìí, wọ́n kéde pé ẹni tó bá gba ipò kìíní ni àwọn yóò gbà síṣẹ́ olùkọ́, tí yóò máa kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń gun pátákó. Fẹ́hìntọlá ti fọ pátákó ẹlòmíràn títí ó fi sú u. Ipò olùkọ́ yìí ló ń wá, tọkàntọkàn ló sì fi ń wá a. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wà lórí ọ̀sà, débi pé àwọn apẹja ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi kó kúkú fẹ́ afẹ́fẹ́ ṣe ọkọ. Ó mọ gbogbo àwọn tí yóò bá a díje. Kò sí ẹni tó yára jù ú lọ nínú wọn.

Ìdíje ku ọ̀túnla nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá pátákó rẹ̀ níbi tí kò fi í sí. Etí ọ̀sà ló wà, ìdí rẹ̀ wà nínú omi, ẹnìkan sì ti fi iyanrìn bò ó. Ó gbọn iyanrìn náà kúrò. Àpótí lẹbẹ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹbẹ fúnra rẹ̀ dagun bí eyín tó fẹ́ ká. Ó fẹ́ gbé pátákó náà lé orí bó ṣe máa ń ṣe, kò lè gbé e. Fóòmù ti mumi yó. 

Kò nílò kó bi ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe sọ fún un pé Mọ́sùúdì ló gbé e láàárọ̀, bó ṣe lọ síbi iṣẹ́ tán. Mọ́sùúdì yìí ni ọmọ Ṣànúsí, géńdé ọkùnrin tó ti ní ìyàwó nílé, tó fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohun tí obìnrin lè ṣe, òun lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òkúta tí wọ́n kó dí etí òkun kí ìgbì má baà jẹ ìlú ló lọ gbá pátákó mọ́. Ó wọ́ ọ padà, ó bo ojú ọgbẹ́ náà, ó sì lọ sùn.

Nígbà tí Fẹ́hìntọlá dé agbo ilé, Mọ́sùúdì ń jẹ ẹ̀bà. Kò gbójú sókè.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ gbé pátákó mi?"

Mọ́sùúdì bu òkèlè mìíràn.

"Bùrọ̀dá, mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tó ò ń pariwo lé ọmọ mi lórí oúnjẹ?" Ṣànúsí ló jáde láti ibi tó ti ń gbẹ́ ọkọ̀, àáké kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹnìkan kú ni? Bí nǹkan bá bàjẹ́, ṣebí títún ṣe ló kù. Kí ni mo ń fi ọwọ́ mi ṣe láti ọjọ́ yìí?"

Ariwo ti kó àwọn àgbà àdúgbò jọ kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dósùmú ló ṣáájú wọn, bàbá arúgbó tó ti parí ìjà ní Òkè-Iyanrìn débi pé ó ti di iṣẹ́ fún un. Kò sí ìjà tí Dósùmú kì í parí kí wọ́n tó dìde nílẹ̀. Ó ń fi í yangàn.

"Fẹ́hìntọlá, ẹ̀gbọ́n ẹ ni," ó ní. "Eyín àti ahọ́n a máa jà. Àṣìṣe ni."

"Bàbá, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ló ṣe é. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

"Kí ló tún kù tí kò hàn? Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti mọ̀, kí la tún fẹ́ fi sísọ rẹ̀ ṣe? Ó ti parí. Ẹ dì mọ́ra yín."

Wọ́n tì í, ó di Mọ́sùúdì mọ́ra. Mọ́sùúdì gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbọn eruku nù lára aṣọ, ọwọ́ ọbẹ̀ ló sì fi gbá a. Àwọn àgbà ní ó káre. Fẹ́hìntọlá ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún? Wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ parí.

Lẹ́yìn èyí ni Ṣànúsí na ọwọ́ sí pátákó. Ká má purọ́ mọ́ ọn, agbẹ́kọ̀ tó dà bí rẹ̀ kò sí ní gbogbo etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ igi ni iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ igi kì í sì fẹ́ gbígbẹ. Bí ó bá gbẹ, ó sán. Bí àwọn agbẹ́kọ̀ bá gbẹ́ ọkọ̀ tán, wọ́n á rì í sómi kó lè mu ún tẹ́rùn. Bó bá sì lu, inú ọ̀rinrin yẹn gan-an ni wọ́n ti ń dí ihò rẹ̀, nítorí igi tó ti mumi á wú, á sì fún ohun tí wọ́n fi dí i pọ̀. "Ọkọ̀ tó gbẹ, òkú ọkọ̀ ni." Ohun tí bàbá Ṣànúsí kọ́ ọ nìyí, ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ bàbá rẹ̀ náà nìyí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dí i," Fẹ́hìntọlá ní. "Fóòmù ló wà nínú ẹ̀, ó ti mumi. Ní ọgbà, bí àpótí lẹbẹ bá là, wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á gbé pátákó sí ibòji, wọ́n á dojú ihò ẹ̀ délẹ̀ kí omi lè máa ro jáde, wọ́n á wá fi sílẹ̀ títí inú ẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń fi gọ́ọ̀mù àti aṣọ fáíbà, èyí tó máa ń le bí awọ pátákó, lẹ àpótí tuntun. Bí wọ́n bá dí i ní tútù, ọjọ́ tí oòrùn bá mú un, omi inú ẹ̀ á gbóná, á wú, á sì ti gbogbo ohun tí wọ́n fi dí i jáde."

"Kó gbẹ?" Ṣànúsí wo àwọn àgbà, ó tún wo ọmọ náà. "Mo ti ń gbẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa omi?"

"Rárá o, Bàbá. Mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí ó gbẹ, kódà kó lo oṣù kan. Màá lọ bẹ̀ wọ́n ní ọgbà kí wọ́n yá mi ní òmíràn tí màá fi díje. Wọ́n á yá mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ojú Ṣànúsí yí padà. "Kí wọ́n lè máa sọ káàkiri pé Ṣànúsí agbẹ́kọ̀ kò lè tún pátákó ọmọ ẹ̀ ṣe?"

"Má dójú ti bàbá ẹ," Dósùmú ní.

Fẹ́hìntọlá gbé ọwọ́ kúrò lára pátákó. Ṣànúsí fi àkísà nu ojú ibi tó là, ó po gọ́ọ̀mù líle tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe fi ń dí ihò, ó rọ́ ọ sí àpótí náà lọ́tùn-ún lósì, ó gbé lẹbẹ nàró sínú rẹ̀. Nígbà tó le tán, ó fi sáńpépà yún un títí ó fi ń dán, ó sì fi ọ̀dà búlúù kan tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ àwọn apẹja kùn ún. Kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ ti parí. Àwọn àgbà ń yí i po. Wọ́n ní ó dára ju tuntun lọ. Kò sí ẹni tó gbé e wò nínú wọn.

Fẹ́hìntọlá gbé e. Bí ó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wúwo.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọyẹ́ kò tíì wọlé, oòrùn sì mú ganrínganrín. Wọ́n ní kí olúkúlùkù dojú pátákó rẹ̀ délẹ̀ lórí iyanrìn, kí ìdí rẹ̀ kọjú sókè, kí àlejò pàtàkì lè wò wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àlejò pàtàkì kò dé. Ẹ̀yin náà mọ àlejò pàtàkì. Oòrùn gun òkè, ó dúró sí àtàrí, àwọn pátákó ṣì wà nílẹ̀. Fẹ́hìntọlá fi ọwọ́ kan ọ̀dà búlúù yẹn. Ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń yọ lẹ́nu, ó sì ti wú díẹ̀, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ó wo ẹ̀yìn. Ṣànúsí wà láàárín àwọn ará ìlú tó wá wòran, ó dé fìlà tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó ń nàka sí pátákó náà pé, "Ọwọ́ mi nìyẹn o." Fẹ́hìntọlá gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, ó wọ omi. Pátákó wúwo, ṣùgbọ́n ó mọ afẹ́fẹ́ ọ̀sà bó ṣe mọ ohùn ìyá rẹ̀. Ó fi ara fà á títí ó fi kọjá gbogbo wọn. Ó kù kó yí igi ìkẹyìn tí wọ́n rì sómi fi ṣe àmì ojú ọ̀nà eré po, kó sì máa bọ̀ nílé, ló gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbàù, bí ìgbà tí ọmọrí bá ṣí lórí ìkòkò tó ń hó. Gọ́ọ̀mù, ọ̀dà, àpótí, lẹbẹ, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Ó ṣubú, ó gun un padà, ó tún ṣubú. Àwọn tí kò yára tó o rí ń kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kí i pé kó pẹ̀lẹ́.

Ó lúwẹ̀ẹ́ ti pátákó náà dé èbúté. Kò sunkún. Ìbínú ti gbẹ omijé lójú rẹ̀.

Nígbà tí yóò fi dé agbo ilé nírọ̀lẹ́, Dósùmú àti àwọn àgbà ti jókòó sórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà tí Ṣànúsí ti ń gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ti wá parí rẹ̀. Mọ́sùúdì jókòó ní kọ̀rọ̀ kan. Fẹ́hìntọlá wọ́ pátákó wọlé lórí ilẹ̀, ó sì jù ú sí iwájú wọn gbì.

"Ọmọ mi," Dósùmú bẹ̀rẹ̀, "ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Gba kámú."

Ṣànúsí ni Fẹ́hìntọlá kọjú sí. "Bàbá, ẹ gbé e."

Ṣànúsí ń wo àwọn àgbà.

"Mo ní kí ẹ gbé e, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa omi."

Ọkùnrin náà dìde, ó sì gbé orí pátákó sókè. Omi tú jáde láti ojú ihò, ó dúdú bí omi aró tó ti kan, ó ń rùn, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ síbẹ̀. Ó ṣàn sórí ẹní, ó ṣàn bo ẹsẹ̀ Dósùmú méjèèjì. Àwọn àgbà ń fa aṣọ wọn sókè. Omi náà kò tán bọ̀rọ̀.

"Omi tí ẹ sé mọ́ ọn nìyẹn," Fẹ́hìntọlá ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ìyẹn ló sì bà wọ́n lẹ́rù. "Mo sọ fún yín pé inú ẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ ní kí n má dójú ti bàbá mi. Ẹ fi ọ̀dà kùn ún, ẹ ní ó dára ju tuntun lọ. Èmi náà, ẹ fi ọ̀dà kùn mí. Ẹ ní kí n dì mọ́ ẹni tó ṣe mí níbi, ẹni tí kò tíì la ẹnu ẹ̀. Ó dáa. Ẹ sé omi mọ́nú pátákó, ẹ sé e mọ́nú èèyàn. Oòrùn ló pè yín lẹ́jọ́ yìí, kì í ṣe èmi. Ẹ dá oòrùn lóhùn."

Dósùmú la ẹnu láti sọ pé kó má bínú. Ṣànúsí gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ẹ má tún dí i." Ó ki ìka bọ ihò náà, ó yọ fóòmù tútù kan jáde, ó gbóòórùn rẹ̀. "Mọ́sùúdì, dìde. Sọ ohun tó o ṣe."

Mọ́sùúdì dìde, ó ń wo ilẹ̀. "Mo gbé e láìtọrọ. Mo gbá a mọ́ òkúta. Mo rí i pé ó ti là, mo fi iyanrìn bò ó."

"Ẹ gbọ́?" Dósùmú ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. "Ó ti jẹ́wọ́. Fẹ́hìntọlá, dárí jì í, ẹ dì mọ́—"

"Rárá, Bàbá," Fẹ́hìntọlá ní. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

Ó sì lọ.

Ṣànúsí gé ìyókù àpótí náà kúrò. Ó so pátákó rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà, láàárín àwọn ọkọ̀ tuntun, ojú ihò rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Láràárọ̀ ló ń ki ìka bọ̀ ọ́ wò. Àwọn tó wá ra ọkọ̀ á bi í pé kí lèyí ń ṣe ńbí. "Ó ń gbẹ," á dá wọn lóhùn, ojú á sì máa tì í, òun tí kò jẹ́ kí nǹkan kan gbẹ rí láyé rẹ̀.

Ọyẹ́ mú títí ètè gbogbo ìlú fi bó. Ní gbogbo àkókò yẹn, Fẹ́hìntọlá á kúnlẹ̀ kí Ṣànúsí, á sì kọjá lára Mọ́sùúdì bí ẹni kọjá lára ògiri. Kí àbúrò má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹjọ́ ni nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè é lẹ́jọ́. Àwọn àgbà rí i, wọ́n ń wo ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ tí ìka Ṣànúsí jáde láìrin, ó ránṣẹ́ pe Fẹ́hìntọlá. Fẹ́hìntọlá ló di àpótí tuntun mú kó dúró ṣánṣán, Ṣànúsí ń tẹ́ aṣọ fáíbà bí ọmọ náà ṣe ní kó máa tẹ́ ẹ. Mọ́sùúdì ló bá wọn po gọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Fẹ́hìntọlá ń lọ sómi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Mọ́sùúdì. "Ẹ káàárọ̀, Bùrọ̀dá," ó ní. Kò kúnlẹ̀. Ìyẹn nìkan ló sì ti gbẹ lọ́jọ́ náà.

Ipò olùkọ́ kò padà wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí tàn yín pé gbogbo nǹkan ló padà bọ̀ sípò. Ọgbà ti gba ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yẹn ló ṣì ń kọ́ àwọn àlejò dòní, kò sì yára tó Fẹ́hìntọlá.

Lọ́dún kejì, ọkọ kan na ìyàwó rẹ̀ lójúde. Àwọn àgbà jókòó, Dósùmú gbọ́ ẹnu ọkọ, ó ní àṣìṣe ni, ó sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì dì mọ́ra kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣànúsí, tí kì í sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó bẹ́ẹ̀, ló wo Dósùmú lójú.

"Ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán," ó ní. "Ẹni tó sé omi mọ́nú pátákó, oòrùn ni yóò pè é lẹ́jọ́."

Dósùmú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó rọra fà wọ́n sẹ́yìn, ó sì ní kí obìnrin náà máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.